Ta ló wó ilé Amberson?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa dá ẹjọ́ kan. Èmi àti baálé mi jókòó wo The Magnificent Ambersons lálẹ́ Sátidé, fíìmù dúdú-àti-funfun tí Orson Welles darí, tó jáde ní 1942. Fún ẹni tí kò tíì wò ó: ìdílé olówó kan ní àárín gbùngbùn Amẹ́ríkà ni. Bàbá àgbà tí wọ́n ń pè ní Major ló kó owó jọ. Isabel ni ọmọ rẹ̀ obìnrin, George sì ni ọmọ kan ṣoṣo tí Isabel bí. Eugene, tó ti fẹ́ fẹ́ Isabel nígbà èwe wọn, padà sí ìlú. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, ó ní ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Lucy, mọ́tò ló sì ń ṣe. Nígbà tí ọkọ Isabel náà kú, àwọn àgbà méjèèjì fẹ́ fẹ́ra wọn. George ní kò ṣeé ṣe. Ó ti ilẹ̀kùn mọ́ Eugene lójú, ó gbé ìyá rẹ̀ lọ sí òkè òkun, ìgbà tí àìsàn wọ̀ ọ́ lára tán ni ìyá padà wálé, ó sì kú. Lẹ́yìn ìyẹn, owó tán, ilé lọ.

Ọkọ mi ní George ló jẹ̀bi látòkè délẹ̀. Èmi ní ìyá rẹ̀ ni, òun ló kẹ́ ẹ bàjẹ́. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, a ò tíì parí rẹ̀. Ohun kejì: kí ló ṣe ìparí eré yẹn? Gbogbo nǹkan ń bàjẹ́ bọ̀ díẹ̀díẹ̀, àfi lójijì tí wọ́n pàdé ní ọsibítù, tí ẹ̀rín wá gba ẹnu wọn. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n rán àǹkárá mọ́ etí aṣọ òfì.

* * *

Àǹtí, mo ti ka ẹjọ́ yín. Kí n tó dá sí i, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé òwe kan kúrò lójú ọ̀nà. "Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà." Ó dá mi lójú pé ọkọ yín ti pa á, torí kò sí ẹni tí mo bá sọ̀rọ̀ fíìmù yìí tí kì í pa á. Òwe dùn, àmọ́ kò bá ẹjọ́ yìí mu. George ò gbé ilé kankan tà. Nígbà tí ọwọ́ tiẹ̀ máa fi tó nǹkan, kò sí nǹkan nílẹ̀ mọ́.

Ẹ padà sí ibi tí Major jókòó sí iwájú iná. Isabel ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ni. Ojú bàbá náà nìkan ni wọ́n fi hàn wá, ìmọ́lẹ̀ iná ń jó lójú rẹ̀, ó ń dá sọ̀rọ̀ nípa oòrùn, pé láti inú oòrùn ni gbogbo wa ti wá. Ohùn Jack ọmọ rẹ̀ wọlé láti ẹ̀gbẹ́, a ò rí òun fúnra rẹ̀, ó ń bi bàbá pé orúkọ Isabel ni ilé yìí wà, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Ìgbà wo lẹ kó ìwé rẹ̀ fún un? Bàbá ò rántí. Kò ju ìyẹn lọ, eré sì kọjá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo wo fíìmù náà kí etí mi tó gbọ́ ìbéèrè yẹn, torí ojú Richard Bennett tó ṣe Major ti gba gbogbo ọkàn mi.

Ẹni tó bá ti bá ẹbí rẹ̀ tú àpótí olóògbé rí yóò mọ ohun tí Jack ń wá. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi kú, a fi òòlù ṣí àpótí irin rẹ̀. A bá rìsíìtì owó orí, a bá fọ́tò ìgbéyàwó tí kánfọ̀ ti lẹ̀ mọ́, a bá ìwé sọfíéè ilẹ̀ kan tí wọ́n ti tà kí wọ́n tó bí mi. Ìwé ilé tí gbogbo wa jókòó sínú rẹ̀ lọ́jọ́ náà, a ò rí i.

Torí náà, ìdáhùn tèmi nìyí, ẹ lè bínú sí i: Major ló wó ilé Amberson. Ó kó owó jọ, kò sì sí ọjọ́ kan tó pe ẹnikẹ́ni jókòó kó ṣí ìwé, kó ní ohun tó wọlé nìyí, ohun tó jáde nìyí. George jẹ́ ọmọ burúkú, mo gbà. Ìwà burúkú rẹ̀ pa ìyá rẹ̀ lára, ó sì pa Eugene lára. Owó kọ́ ló pa.

* * *

Ẹnìkan fèsì pé mò ń gbèjà George. Rárá o.

Ẹ bá mi ka àwọn tó wà nínú ilé ńlá yẹn. Major ti darúgbó. Jack ọmọ rẹ̀ jẹ́ aṣòfin, ẹni pẹ̀lẹ́, àwàdà ló kún ẹnu rẹ̀. Wilbur, ọkọ Isabel, ń ṣe òwò kan tó ń jò lábẹ́lẹ̀; nígbà tó kú la mọ̀ pé kò sí nǹkan níbẹ̀. Fanny, àbúrò Wilbur, ò lọ́kọ, kò níṣẹ́. George sì rèé. Lálẹ́ ijó ńlá yẹn, òun àti Lucy jókòó lórí àtẹ̀gùn, Lucy bi í pé kí lo fẹ́ dà? Ó ní iṣẹ́ lọ́yà, iṣẹ́ báńkì, ìṣèlú, kí ni ẹnikẹ́ni ń rí jẹ nínú ìwọ̀nyẹn? Ó ní ẹni tó ń wa ọkọ̀ ojú omi fún fàájì lòun fẹ́ dà. Nínú ìlú tí òkun jìnnà sí bí ọ̀run ṣe jìnnà sí ilẹ̀! Tim Holt tó ṣe George sọ ọ́ láìrẹ́rìn-ín rárá, bí ẹni pé kò sí ohun tó tọ́ jù bẹ́ẹ̀.

Àwa ń rẹ́rìn-ín ọmọ náà. Ta ni nínú àgbà márùn-ún yẹn, títí kan Isabel, ló ṣiṣẹ́ tí ọmọ rí? Kò rí ẹni tó jí lówùúrọ̀ tó lọ síbi iṣẹ́ tó sì gbowó bọ̀ lójú rẹ̀. Ó rò pé ara ògiri ni owó ti ń jáde.

Nígbà tí iná sì ń jó dé, kí ni àwọn àgbà ṣe? Jack àti Fanny kó owó wọn sínú ilé-iṣẹ́ kan tó fẹ́ máa ṣe iná iwájú mọ́tò. Iná ọ̀hún ò tàn. Owó wọlé, kò jáde mọ́. Jack lọ ń wá iṣẹ́ aṣojú ìjọba lókè òkun nígbà tó dàgbà tán, òun àti George dúró ní ibùdókọ̀ ojú irin, ó yá owó lọ́wọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ní òun ti fẹ́ràn rẹ̀ láti kékeré, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ìwà rẹ̀ wu òun. Mo fẹ́ràn ibẹ̀ ju gbogbo ìpàdé àti ìpínyà tó wà nínú eré náà lọ. Ẹni tó ń yá owó, tó ń sọ òótọ́ fún ẹni tó ń yá a lówó!

* * *

Ó yá, ọ̀rọ̀ ìyá. Àǹtí mi, ẹ ní ó kẹ́ ọmọ bàjẹ́. Òótọ́ ni. Ẹ rí i níbẹ̀rẹ̀, tí gbogbo ìlú ń gbàdúrà kí ọjọ́ ẹ̀san ọmọ yìí tètè dé, Isabel sì ń wò ó bí ẹni pé áńgẹ́lì ló wọ bàtà. Àmọ́ ohun tí àwọn mìíràn kọ síbí ń jà mí lọ́kàn. Àwọn mẹ́ta ti sọ ọ́ báyìí: pé George ṣe ohun tó tọ́, pé ọmọkùnrin tó ti gbọ́n gbọ́dọ̀ ṣọ́ orúkọ bàbá rẹ̀, pé opó tí irun rẹ̀ ti ń funfun kò yẹ kó máa gba lẹ́tà ìfẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wò ó. Ta ló kọ́kọ́ sọ fún George pé ìlú ń sọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀? Fanny ni. Kí ló dé tí Fanny fi sọ ọ́? Ó ti fẹ́ràn Eugene láti ọdún gbọọrọ, Eugene ò sì wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ ọ̀hún gbọ́ ọ, ó sáré kọjá títì lọ bá ìyáàfin tó ń gbé lódìkejì, ó ń bá ìyẹn jà nínú pálọ̀ rẹ̀. Ẹ̀bùn tó fún òfófó nìyẹn. Bí wọn ò bá ti ń sọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó dájú pé wọ́n sọ ọ́ láti ọjọ́ yẹn lọ. Orúkọ bàbá wo ló ṣọ́?

Ibi tí mo ti ń bọ̀ nìyí, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyá mi di opó kó tó pé ọmọ ọdún 45. Lẹ́yìn bí ọdún mẹ́ta, ọkùnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í yà sílé wa, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Kì í jókòó pẹ́. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tàbí búrẹ́dì ló máa ń mú dání, á bá wọn sọ̀rọ̀ òjò àti owó ilé-ìwé, á lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin jẹ́ ọmọ ọdún 22 nígbà náà. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè kan ó pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ní màmá ń sùn. Bàtà màmá wà lẹ́nu ọ̀nà, ohùn rédíò ń jáde láti yàrá rẹ̀, ọkùnrin náà wo bàtà, ó wo ẹ̀gbọ́n mi, ó gbé búrẹ́dì lé orí àga tó wà níta. Kò wá mọ́. Èmi dúró lẹ́yìn kọ́tìnì, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí, inú mi sì dùn! Mo rò pé a ti borí nǹkan kan.

Màmá ò bi wá. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ló bẹ̀rẹ̀ sí í pa rédíò kí ilẹ̀ tó ṣú.

Torí ìyẹn ni mi ò ṣe lè wo ibi tí George ti ilẹ̀kùn mọ́ Eugene láìdìde. Mo máa ń lọ bu omi mu.

* * *

Kúrò lórí ẹkún díẹ̀. Ẹnìkan bèèrè pé kí ló dé tí a fi ń dààmú ara wa lórí fíìmù tí kò ní àwọ̀. Ọmọ àbúrò mi wọ pálọ̀ nígbà tí mò ń wò ó, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé tẹlifíṣọ̀n yín ti bàjẹ́ ni?" Mo ní kó jókòó. Ó jókòó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó dìde lọ. Mi ò bá a jà, eré yìí kì í tètè gbéra.

Àmọ́ ẹ wo òkùnkùn inú ilé yẹn. Stanley Cortez ló ya á. Àtẹ̀gùn ńlá tó yí po lọ sókè, àwọn èèyàn dúró ní àjà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ojú ẹnìkan wà nínú ìmọ́lẹ̀, ti èkejì wà nínú òjìji, wọ́n ń pariwo mọ́ra wọn látòkè sísàlẹ̀. Bí wọ́n bá kun àwọ̀ sí i, aṣọ àti kọ́tìnì la máa máa wò. Nínú òkùnkùn yẹn, ilé fúnra rẹ̀ ló ń gbé wọn mì.

Ìran yìnyín ńkọ́? Wọ́n lọ ya á nínú ilé ńlá tí wọ́n ti ń ṣe yìnyín ní Los Angeles, kí èémí lè máa rú lẹ́nu àwọn òṣèré bíi ti ibi tí òtútù ti mú lóòótọ́. Ibẹ̀ ni ẹṣin George ti dojú ọkọ̀ rẹ̀ dé, tó wá ń ti mọ́tò Eugene látẹ̀yìn, èéfín ń wọ̀ ọ́ nímú. Wọ́n ń kọrin, inú wọn dùn. Kò tún sí ibòmíràn nínú eré náà tí gbogbo wọn ti jọ rẹ́rìn-ín.

Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù. Ohùn Welles ló ń sọ ìtàn (kò ṣeré nínú rẹ̀, ohùn rẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀). Ó ní láyé ìgbà yẹn, bí obìnrin bá súfèé sí ọkọ̀ ìgboro láti ojú fèrèsé òkè, ọkọ̀ á dúró dè é. Á ti fèrèsé, á dé fìlà, á wọ kóòtù, á sọ̀ kalẹ̀, á wá agbòòrùn, á sọ fún ọmọ ọ̀dọ̀ ohun tí wọ́n máa jẹ lálẹ́, kó tó jáde. Ọkọ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ó wá fi kún un pé bí ohun tó ń gbé wa ṣe ń yára sí i ni àyè ń dín lọ́wọ́ wa. Gbogbo ẹni tó ti dúró sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Èkó rí, ẹ dá mi lóhùn.

* * *

Mọ́tò, bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀pọ̀ nínú yín ní mọ́tò ló ba ilé Amberson jẹ́, George ò sì ṣàṣìṣe nígbà tó bú u níwájú Eugene nídìí oúnjẹ, pé ìyọlẹ́nu tí kò wúlò ni, kò yẹ kí wọ́n ti ṣe é rárá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń pàtẹ́wọ́ fún un, ẹ gbọ́ ìdáhùn Eugene. Bàbá náà ò bínú. Ó ń fi ṣíbí ṣeré lórí tábìlì, ó ní bóyá George jàre. Ó ní ó lè jẹ́ pé pẹ̀lú gbogbo eré tí mọ́tò ń sá lọ síwájú, ẹ̀yìn ló ń gbé ọ̀làjú lọ, pé yóò yí ọkàn ọmọ èèyàn padà, òun ò sì lè sọ pé sí rere ni. Ẹni tó ń ṣe mọ́tò tà ló ń sọ bẹ́ẹ̀! Joseph Cotten tó ṣe Eugene sọ ọ́ wẹ́rẹ́, ojú gbogbo wọn bọ́ sílẹ̀.

Òótọ́ ni pé mọ́tò ló fa ìlú gùn, tí àwọn olówó kó lọ sí ẹ̀yìn ìlú, tí àdúgbò àtijọ́ fi di ibi èéfín. Nínú ìwé Booth Tarkington tí eré náà ti jáde (1918 ni ìwé ọ̀hún, ó gba ẹ̀bùn Pulitzer ní 1919), Major tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé ayálégbé sórí koríko iwájú ilé rẹ̀, kó lè rí owó mìíràn. Ìyẹn náà ò gbè é. Àmọ́ mọ́tò dé bá gbogbo ilé olówó ìlú yẹn ni, kì í ṣe tiwọn nìkan. Ẹni tó bá mọ iye tó wà lápò rẹ̀ á tètè tà, á bá wọn kó.

* * *

Ọ̀rọ̀ ìparí tó dà bí àǹkárá lẹ́gbẹ̀ẹ́ òfì. Ojú yín ríran, Àǹtí. Kì í ṣe Welles ló rán an.

Ọmọ ọdún 26 ni nígbà tó ya fíìmù yìí fún ilé-iṣẹ́ fíìmù RKO, láti ìparí 1941 wọ ìbẹ̀rẹ̀ 1942. Owó tí wọ́n ná lé ní mílíọ̀nù kan dọ́là. Ogun ti wọ Amẹ́ríkà ní December 1941, ìjọba sì fẹ́ kó lọ ya fíìmù ní Brazil, kí àárín wọn àti àwọn ará ibẹ̀ lè gún. Ó lọ ní February, ó ń ya ayẹyẹ kánífà Rio àti sámbà àwọn èèyàn dúdú tó ń gbé lórí òkè, nǹkan tí inú àwọn ọ̀gá RKO ò dùn sí rárá. Iṣẹ́ tó kù lórí Amberson, ó fi lé Robert Wise, ẹni tó ń gé fíìmù náà tó ń tò ó, lọ́wọ́. Wise ni kó gbé e wá bá a ní Rio kí wọ́n jọ parí rẹ̀, ogun ò jẹ́ kí ọkọ̀ òfurufú gbé e. Wẹ́rẹ́ báyìí ni eré ṣe bọ́ sórí wáyà àti tẹlifóònù.

Ní March 17, 1942, wọ́n gbé e lọ sí Pomona ní California, kí ará ìlú lè wò ó kó tó jáde. Eré ijó àti orin ni àwọn èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ wò tán níbẹ̀, ọ̀dọ́ ló pọ̀ jù nínú wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín Fanny. Wọ́n kọ ọ̀rọ̀ burúkú sórí káàdì tí wọ́n fi gba èrò wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn díẹ̀ kọ ọ́ pé àwọn ò rí irú rẹ̀ rí. Jìnnìjìnnì bo àwọn ọ̀gá. Eré tó lé ní wákàtí méjì, wọ́n gé e di ìṣẹ́jú 88. Ó lé ní ogójì ìṣẹ́jú tó lọ. Wọ́n ya ìparí ọsibítù tuntun láìsí Welles níbẹ̀. Bernard Herrmann tó ṣe orin rẹ̀ ní kí wọ́n yọ orúkọ òun kúrò nígbà tó rí ohun tí wọ́n fi orin òun ṣe. Ibi tí wọ́n gé, wọ́n ba á jẹ́ pátápátá. Èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí Brazil, àwọn èèyàn ti wá a wá a títí di òní, wọn ò rí i.

Pẹ̀lú gbogbo gígé yẹn, wọ́n dárúkọ rẹ̀ fún Oscar mẹ́rin, títí kan fíìmù tó dára jù lọ́dún náà. Kò gba ọ̀kan.

Ìparí ti Welles rèé. Eugene lọ kí Fanny níbi tó ń gbé, ilé tí àwọn àgbàlagbà ti ń sanwó yàrá àti oúnjẹ. Fanny jókòó sórí àga tó ń mì, àga ń dún kìrìkìrì. Rẹ́kọ́ọ̀dù aláwàdà ń kọ lábẹ́ ọ̀rọ̀ wọn. Eugene ní òun ti ọsibítù bọ̀, òun àti George ti parí ìjà. Fanny ò ní nǹkan tó máa sọ. Ọkùnrin tí Fanny torí rẹ̀ ba ayé ẹlòmíràn jẹ́ ló jókòó níwájú rẹ̀ yìí, inú rẹ̀ ò dùn, kò bàjẹ́. Eugene dìde, ó wọ mọ́tò rẹ̀ lọ, ìlú ńlá gbé e mì. Wọ́n ní Welles gbà pé ibẹ̀ ló dára jù nínú gbogbo eré náà.

Ní 2025, ilé-iṣẹ́ kan kéde pé àwọn máa fi AI ṣe ibi tó sọnù. Àwọn kan nínú yín ń yọ̀. Èmi ò sí níbẹ̀. Ìwé eré wà, àwọn fọ́tò díẹ̀ wà, ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ lè kà á. Ojú Agnes Moorehead tó ṣe Fanny ni mo fẹ́ rí lórí àga yẹn, kò sì sí ẹ̀rọ tó mọ ohun tí ojú rẹ̀ ṣe lọ́jọ́ náà.

* * *

Ó kan Fanny. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ pè é ní àjẹ́ ilé, ẹ rọra.

Ẹ rántí ilé ìdáná, George ń jẹ kéèkì tí Fanny ṣe, ó ń jẹ ẹ́ bí ẹni tí wọ́n dè mọ́lẹ̀ láti àárọ̀. Kámẹ́rà ò kúrò lójú kan. Fanny ń sọ fún un kó má jẹun kíá tó bẹ́ẹ̀, ó sì ń fọgbọ́n bèèrè, ṣé Eugene bá wọn rìn? Ṣé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ ló jókòó sí? George fẹ́ fi í ṣàwàdà lásán, òun àti Jack, àfi tí Fanny bú sẹ́kún tó sáré jáde. Ọmọ náà dúró, oúnjẹ lẹ́nu. Kò tíì rí i rí pé anti yìí náà ní ọkàn.

Ìyẹn àkọ́kọ́. Ìkejì ni ibi bọ́ílà. Owó ti tán. Fanny fẹ́ kí àwọn lọ gba yàrá nílé tó wù ú, George ṣe ìṣirò, ó ní iṣẹ́ tí òun ń kọ́ lọ́dọ̀ lọ́yà, dọ́là mẹ́jọ lọ́sẹ̀ ni wọ́n máa san, eélòó ni tiyín? Fanny jẹ́wọ́ pé dọ́là 28 lòun ní láyé yìí. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fẹ̀yìn ti bọ́ílà tí wọ́n fi ń gbé omi kaná. George ní kó dìde, yóò jó o. Ó ní kò gbóná, ó tutù, àwọn oníṣẹ́ páìpù ti gé e, àti pé ká ní ó jó òun gan-an, òun ò bìkítà. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún, George ń fà á láti yàrá òfìfo dé yàrá òfìfo.

Obìnrin kan tí kò ní ju ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi sílẹ̀, tó kó gbogbo rẹ̀ sí òwò tí ọkùnrin kan ní ó dáa. Ẹ ò mọ irú anti bẹ́ẹ̀ ni? Mo mọ méjì.

Lẹ́yìn ìyẹn, George lọ bá lọ́yà, ó ní òun ò lè dúró kọ́ṣẹ́, òun fẹ́ iṣẹ́ tó ń mówó wọlé kíákíá, kódà bó jẹ́ pé ewu wà níbẹ̀. Iṣẹ́ kẹ́míkà tó ń bú gbàù ló gbà, kí Fanny lè gbé ibi tó wù ú. Ọmọ tí ẹ ní kò ní láárí. Àṣírí ibẹ̀ ni pé kò ṣe rere kan rí àfi ìgbà tí ẹnìkan sọ iye gan-an tó wà nílẹ̀ fún un, lójú ara rẹ̀, nínú ilé ìdáná.

* * *

Àǹtí bèèrè lẹ́ẹ̀kan sí i pé kí ni kí àwọn ṣe pẹ̀lú ìparí náà, torí wọ́n fẹ́ tún un wò pẹ̀lú ìyá ọkọ wọn. Bí mo ṣe ń ṣe é rèé. Nígbà tí George bá kúnlẹ̀ létí bẹ́ẹ̀dì ìyá rẹ̀ nínú ilé tó ti ṣófo, tó ń bẹ̀bẹ̀ kí ìyá dárí jì òun, tí Welles ń sọ pé ẹ̀san tí gbogbo ìlú ti ń retí fún un ti dé, àmọ́ àwọn tó retí rẹ̀ ò sí níbẹ̀ láti rí i, wọ́n ti gbàgbé rẹ̀, ẹ pa á níbẹ̀. Mọ́tò máa gbá a lẹ́yìn náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì máa kán, Lucy àti bàbá rẹ̀ máa lọ sí ọsibítù. Ẹ fi ẹnu sọ ìyẹn fún màmá. Kí ẹ wá sọ ti àga tó ń dún fún wọn. Bí ẹ bá sì fẹ́ gbọ́ ohùn Welles tó ń dárúkọ àwọn òṣèré ní ìparí, ẹ sáré fò ọsibítù kọjá.

Ti ẹjọ́ yín, mi ò yí ọ̀rọ̀ padà lórí owó: Major ni. Lórí ilẹ̀kùn, mo fún ọkọ yín.

Ẹ̀gbọ́n mi pè mí lánàá, ó ní wọ́n sọ fún òun pé mò ń kọ nǹkan gígùn kan síbí lálẹ́ lálẹ́, kí ni mò ń kọ? Mo ní ọ̀rọ̀ mọ́tò àtijọ́ ni.